Àsè Ìdágbére fún Ẹni Tí Kò Lọ Síbì Kankan

"Fọ́tò mélòó ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?" Edita bèèrè.

"Wọn ò ní kí n mú kankan wá."

"Kankan kẹ̀?" Edita gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Mánáng, ìwé ìjọba wo ló wà láyé yìí tí kì í gba fọ́tò? Ẹ jẹ́ ká ya mẹ́rin. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n jù ú nù."

Bí Mánáng Tíbà ṣe jókòó sórí àga oníke nìyẹn, níwájú aṣọ funfun tí Edita fi ìṣó kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó na ọrùn, ó di ẹnu pọ̀, ó ranjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn adìẹ jíjí kàn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Primitiva Galinato lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Pinili, ìlú wa ní ilẹ̀ Philippines, àfi àlùfáà. Mánáng, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, ni gbogbo wa ń pè é, àtẹni tó lè bí lọ́mọ àtẹni tó lè bí i.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ni Edita wí.

"Ṣé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ìwé Amẹ́ríkà?"

"Àwọn tó ń lọ ni wọ́n ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò lọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mánáng Tíbà dé ikùn. Ó bú sẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ yọ síta, ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé, ìgbà yẹn gan-an ni kámẹ́rà sì ṣe pá. Fọ́tò àkọ́kọ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ya òmíì.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé Mánáng Tíbà fẹ́ dá gíríìn káàdì rẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o. Kò rúfin, kò jalè. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ gba káàdì yín, mo fẹ́ jókòó sílé mi. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí Arceli, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Vallejo ní California, ti gba káàdì náà fún un. Ẹni tó bá sì ní in kò gbọdọ̀ pẹ́ jù lẹ́yìn odi, kí wọ́n má baà sọ pé kò fẹ́ gbé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Nítorí náà, gbogbo oṣù Kìíní ló ń wọ bàálù lọ, gbogbo oṣù Keje ló ń wọ̀ ọ́ padà. Yóò gbin aáyù sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá kórè ìrẹsì tán, àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni yóò wú u ní oṣù Kẹta. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò fọwọ́ ara rẹ̀ wú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Ní Vallejo ńkọ́? Arceli fẹ́ràn ìyá rẹ̀ bí ojú. Ó fún un ní yàrá tí oòrùn ń wọ̀, ó ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn fún un. Àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni Arceli ń ṣe. Tó bá dé láàárọ̀, oorun ni. Tó bá jí, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mánáng Tíbà á wá jókòó sétí fèrèsé, á máa ka ajá tí àwọn èèyàn ń fà kọjá. Ó máa ń sọ fún wa tó bá dé pé ajá ibẹ̀ pàápàá kì í kí èèyàn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dá káàdì padà kò ju ojú ewé méjì lọ. Edita tẹ̀ ẹ́ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á kọ orúkọ rẹ̀, á kọ nọ́ńbà káàdì, á kọ ìdí tó fi ń dá a padà, á fọwọ́ sí i, á fi káàdì náà tì í nínú àpòòwé, ó parí. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó sì ba àwọn méjèèjì lẹ́rù nìyẹn.

"Ọ̀fẹ́ bí ti báwo?" Mánáng Tíbà ní. "Nígbà tí mo fẹ́ wọlé, ọdún méjì ni wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró mi. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kéèyàn jáde?"

"Wọ́n gbàgbé ni," Edita dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣe é bó ṣe yẹ."

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ìwé, ìwé tí kò sì ní ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dá rìn. Ṣọ́ọ̀bù Edita ló dojú kọ gbọ̀ngàn ìlú; òun ló ń ṣe fọ́tòkópì, òun ló ń tẹ lẹ́tà, òun ló ń fi ọ̀rá bo káàdì kí omi má baà bà á jẹ́. Gíríìn káàdì Mánáng Tíbà gan-an, Edita ló fi ọ̀rá bò ó lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú fi máa ń yí i lọ yí i bọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tí wọn ò rí rí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kó ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú ọkọ rẹ̀, rìsíìtì owó orí tọdún yìí, fọ́tò mẹ́rin, àti lẹ́tà tí lọ́yà lu òǹtẹ̀ mọ́, tó fi jẹ́rìí pé orí Mánáng Tíbà pé nígbà tó ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́ọ̀mù ojú ewé méjì ti nípọn bí Bíbélì.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo: ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi bèèrè ìdí.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ 'àìsàn àti ọjọ́ ogbó,'" ni Edita wí.

"Àìsàn ta ni? Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn wá síbí?"

"Ẹ jẹ́ ká yọ àìsàn kúrò. 'Ọjọ́ ogbó' nìkan."

"Edita, mo máa gbá ọ létí."

"Kí la wá fẹ́ kọ?"

Mánáng Tíbà wo ìlà mẹ́ta náà títí. Kì í ṣe pé kò ní ìdí. Àmọ́ ìdí kọ̀ọ̀kan tó bá rò, ńṣe ló ń gbọ́ ọ bí Arceli ṣe máa gbọ́ ọ. Tó bá kọ pé ilé ibẹ̀ dákẹ́ jù, ilé Arceli ni. Tó bá kọ pé òun ò fẹ́ gbé ibẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ Arceli nibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi pé bóun bá dá káàdì padà, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé òun dá ọmọ padà.

"Fi í sílẹ̀ ná," ó ní. "Àmọ́ o, ẹnu rẹ. Arceli ò tíì gbọ́. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Tó o bá sọ fún ẹyọ ẹnì kan ládùúgbò yìí, kí n tó délé ó ti dé Vallejo."

Edita fi ìka kan ètè, ó fi kan àyà, ó búra. Edita kò pa àṣírí mọ́ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, gbogbo ìlú ló mọ̀. Àmọ́ èyí, ó pa á mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí àdúgbò ló kù. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Mánáng Tíbà gbé fáìlì rẹ̀ mọ́yà, ó lọ bá Ragasa, olórí àdúgbò wa tí a ń pè ní Kápítàánì. Ọkùnrin sísanra ni, ó lọ́yàyà, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ẹ́ dami. Mánáng Tíbà ló kọ́ ọ ní katikísìmù nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ṣe, Mánáng?"

"Ìwé Amẹ́ríkà ni. Kọ ọ́ pé ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mò ń gbé, pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà? Ẹ̀yin àti ìyá Benny ńkọ́, lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́?"

"A ti parí ìyẹn. Kọ̀wé rẹ."

Kápítàánì mú bírò, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára fáìlì. Ó rí etí ìwé ìbí. Ó rí ìwé ìgbéyàwó. Ó rí fọ́tò mẹ́rin tí wọ́n fi píìnì dè.

"Mánáng," ó fohùn jẹ́jẹ́, "láti ọdún mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti ń lọ, ẹ ò gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi rí. Ṣé kò sí?"

"Má bi mí ní nǹkan kan. Tí mo bá ti bá Arceli sọ̀rọ̀, gbogbo yín á gbọ́."

Ragasa lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ̀, kò gba owó. Bí Mánáng Tíbà ṣe ṣẹ́ kọ́nà báyìí, Kápítàánì fa áńkáṣíìfù yọ. Ta ló máa ń kó ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti fọ́tò jọ? Ẹni tó ń lọ pátápátá ni. Látìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó àwọn bàbá àwọn bàbá wa lọ sóko ìrèké ní Hawaii, kò tíì sẹ́ni tó kó ìwé jọ rí ní Pinili nítorí àtijókòó sílé. Ó hàn gbangba pé Mánáng Tíbà fẹ́ kó lọ, ó sì fẹ́ yọ́ lọ kí a má baà sunkún.

Kápítàánì sọ fún Mánóng Ponso, aládùúgbò Mánáng Tíbà (Mánóng la ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin), pé kó má sọ fẹ́nì kankan. Mánóng Ponso sọ ọ́ fún àwọn akọrin ìjọ pé kí wọ́n má sọ fẹ́nì kankan. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ogún èèyàn ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Edita.

"Edita, ṣé òótọ́ ni?"

Edita mú ètè méjèèjì pọ̀, ó mi èémí kanlẹ̀. "Mi ò lè sọ nǹkan kan."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Edita ní òun ò lè sọ nǹkan kan! Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì ti bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Mánáng Tíbà pe Arceli. Ó ti fi gbogbo òwúrọ̀ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu bí ẹni to abọ́. Àmọ́ Arceli ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo ti ra ẹ̀wù òtútù fún yín o. Aláwọ̀ pupa. Ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́, ẹ má tún tọ́jú rẹ̀ pamọ́ o."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Aáyù ńkọ́?"

"Ó ń dàgbà. Tọdún yìí dára, Arceli. Ewé rẹ̀ nípọn báyìí, tó o bá rí i."

"Ó mà ṣe o. Ẹ ò tún ní wú u lọ́dún yìí náà."

Mánáng Tíbà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀ gan-an. "Arceli, mo fẹ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín." Fóònù ti kú.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀, ó fa koríko ìrẹsì bo ìdí aáyù tí afẹ́fẹ́ ti ṣí. Ó bú ara rẹ̀ ní ojo. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú òun á sọ ọ́, bó ti wù kó rí.

Ọjọ́ Àìkú kò dé kí ọ̀rọ̀ tó tú. Ní Sátidé, bó ṣe wà lẹ́yìn ilé láàárín ebè láti àárọ̀, ó gbọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ Mánóng Ponso ké tòò lẹ́yìn ọgbà. Ó nàró. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Ponso ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún, ìyẹn sì di oṣù Karùn-ún. Kí ló dé tí wọ́n ń pa á? Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní wọ́n ń ṣe nǹkan ládùúgbò, wọn ò pe òun. Ó nu ọwọ́ sára yẹ̀rì, ó jáde sí títì láti lọ bi wọ́n.

Títì ti kún. Wọ́n ti ta tápólì bo òkè, wọ́n ti to tábìlì láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ilé Kápítàánì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí wọn, ìrẹsì lórí ewé, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a ń pè ní pínákbẹ́ẹ̀tì nínú ìkòkò mẹ́ta, wáìnì ìrèké nínú ìṣà. Lókè gbogbo rẹ̀, wọ́n na tápólì títẹ̀ kan tó gùn bí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Fọ́tò Mánáng Tíbà tó bàjẹ́ ló wà níbẹ̀, ojú pípa dé, eyín gbogbo síta, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: Ó DÀBỌ̀, MÁNÁNG TÍBÀ! MÁ GBÀGBÉ WA NÍ AMẸ́RÍKÀ!

Àwọn akọrin ìjọ gbóhùn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọn ò tíì dé ìlà kejì tí ẹkún fi gba orin lẹ́nu wọn.

"Mánáng mi," Mánóng Ponso bọ́ síwájú, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà ní apá rẹ̀. "Ẹ fẹ́ yọ́ lọ. Ẹ rò pé a ò ní mọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ ìbí mi á tún bọ̀, àmọ́ ẹ̀yin ò ní bọ̀ mọ́!" Ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́.

"Ponso, ta ló ní mò ń lọ?"

"Ẹ má fi pamọ́ mọ́, Mánáng," ìyá Benny ní, ìyá Benny ti ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ó kó ìgò ọtí kíkan mẹ́fà lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fún àbúrò mi ní Stockton. Ẹ dárí jì mí nípa ewúrẹ́ yẹn."

Ìgbà yẹn ni Mánáng Tíbà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkìtì ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì: ẹja gbígbẹ, aáyù ọdún tó kọjá, ìgbálẹ̀ méjì, aṣọ híhun, ìkòkò kan tí wọ́n fi bébà wé. Gbogbo àdúgbò ló ti di ẹrù tó máa bá wọn gbé fún ẹbí wọn lókè òkun. Ó wá Edita kiri. Edita wà lẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì, omijé ẹ̀rín ti wẹ̀ ẹ́ lójú.

"Mi ò sọ nǹkan kan, Mánáng!" ó kígbe. "Ẹ bi wọ́n! Wọ́n ní kí n tẹ fọ́tò, mo tẹ fọ́tò, mi ò sọ nǹkan kan!"

Mánáng Tíbà fẹ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ Kápítàánì ti ń bọ̀ láàárín èrò, ó na fóònù síwájú bí ẹni gbé àtẹ oúnjẹ. "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́! Ẹ wo ẹni tó wà lórí fóònù!"

Arceli ni. Ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn rẹ̀, ẹkún ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. "Màmá! Kápítàánì ló fi fọ́tò tápólì yẹn ránṣẹ́ sí mi. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Ẹ fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ mi pátápátá! Mo ti ń ronú àwọ̀ tí mo máa fi kun yàrá yín."

Àdúgbò pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ tó wà lójú ọmọ yẹn, Mánáng Tíbà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gbà á kúrò níbẹ̀, níṣojú ọgọ́rùn-ún èèyàn àti ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ó ronú pé kóun gbé fóònù wọlé. Àmọ́ ó mọ̀ pé tóun bá wọlé, òun á tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Kápítàánì.

"Arceli, ọmọ mi. Mi ò wá."

"Ṣé lọ́sẹ̀ yìí ni?"

"Mi ò wá gbé ibẹ̀ mọ́. Àwọn ìwé tí mò ń kó jọ, káàdì ni mo fẹ́ fi dá padà."

Ìkòkò nìkan ló ń hó.

"Ẹlẹ́dẹ̀ mi," ni Mánóng Ponso wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ponso, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni Kápítàánì wí.

Arceli fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Kí ni mo ṣe, Màmá?"

Ìbéèrè tó ti ń ba Mánáng Tíbà lẹ́rù láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. Ó yà á lẹ́nu pé ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. "O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Oore lo ṣe mí. Kò sí ìyá tí wọ́n tọ́jú tó mi ní gbogbo ìlú yìí, bi wọ́n. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́. Ìgbà wo lo wá sílé gbẹ̀yìn?"

"Màmá..."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án."

"Kí ló dé?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń wá! Gbogbo ìsinmi mi, tẹ́ ẹ bá dé ni mo fi ń mú yín kiri. Gbogbo owó ọkọ̀, tiyín ni. Tí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́ pé ṣé mi ò ní lọ wo ilé, mo máa ń sọ fún wọn pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe, ilé ló máa ń wá bá..."

Mánáng Tíbà yí fóònù kúrò lójú ara rẹ̀, ó jẹ́ kó wo títì: tábìlì, èéfín, àwọn akọrin tí imú wọn pọ́n, ìyá Benny tó gbá ìgò ọtí kíkan mọ́yà, tápólì oníranù tó wà lókè. Ó gbé e yí ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìn, ó fi aáyù hàn án, ebè mẹ́jọ, ewé tútù yọ̀yọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín Arceli ni, tó dàpọ̀ mọ́ ẹkún, irú èyí tó máa ń rín nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tó bá ṣubú tí kò sì fara pa.

"Màmá, ẹni tó ya fọ́tò tó wà lára tápólì yẹn kò fẹ́ràn yín."

"Edita ni."

"Mo mọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ń wú aáyù?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta. Tí òjò ò bá bà á jẹ́."

"Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ẹ sọ fún Mánóng Ponso pé kó jìnnà sí i. Mo ń bọ̀ wá bá yín wú u." Ó fa imú. "Mo máa mú ẹ̀wù òtútù pupa yẹn dání. Mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ."

"Mo máa wọ̀ ọ́ lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Àwọn èèyàn ti rọ́ tẹ̀lé e wá sẹ́yìn ilé, wọ́n ń tẹ etí ebè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ "mo ń bọ̀," ariwo sọ. Kápítàánì tún fa áńkáṣíìfù yọ. Ìyá Benny bèèrè bóyá Arceli lè wá bá òun gbé ọtí kíkan nígbà tó bá ń padà, Arceli ní òun á gbé ìgò méjì, ìyá Benny ní mẹ́rin, wọ́n sì parí rẹ̀ sí mẹ́ta. Mánóng Ponso ló bèèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn: kí la máa wá fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe?

"Ṣé o ti pa á àbí o ò tíì pa á?" ni Mánáng Tíbà bi í.

"Mo ti pa á."

"Ṣé ebi ń pa ọ́ àbí kò pa ọ́?"

A jẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà. A jẹ ẹ́ débi pé ajá Kápítàánì kọ egungun sílẹ̀. Àwọn akọrin tún orin wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kọ ọ́ dé ìparí, Mánáng Tíbà sì bá Mánóng Ponso jó, ó sọ fún un létí pé ní oṣù Karùn-ún, ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú tápólì onífọ́tò náà, ó ní kí wọ́n ká a fún òun. Ó dára fún sísá aáyù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù Edita pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Edita ti fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rá kúrò lára gíríìn káàdì, ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ nù. Káàdì náà kéré lójú Mánáng Tíbà láìsí ọ̀rá. Ó fi àtàǹpàkò nu fọ́tò ara rẹ̀ ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, obìnrin tó di ẹnu pọ̀.

"O ṣeun o," ó sọ fún káàdì náà, kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó wá kó ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú, rìsíìtì owó orí, ìwé ẹ̀rí Kápítàánì àti lẹ́tà lọ́yà kúrò nínú àpòòwé, ó kó wọn padà sínú fáìlì. Ọkàn Edita bàjẹ́ bí ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀.

"Mánáng! Òǹtẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀!"

"Wọn ò béèrè rẹ̀. Mú bírò. Mo ti mọ ohun tí a máa kọ síbi ìdí."

Edita fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó mú bírò dúró lórí ìlà mẹ́ta tó ṣófo. Mánáng Tíbà pe ọ̀rọ̀ náà fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè fi èdè wọn kọ ọ́ dáadáa. Kò gbà ju ìlà kan lọ: Ó ti kan ọmọ mi láti máa wá sílé.

Edita kọ ọ́ tán, ó kà á sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ṣé ó máa yé wọn báyìí?"

"Àbí wọn ò ní ìyá ni?" Mánáng Tíbà gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Ó fi ojú ewé méjì náà sínú àpòòwé, ó fi káàdì tì í. Ó kù díẹ̀ kó lẹ̀ ẹ́ pa, ó dúró. "Fi fọ́tò kan sí i."

"Fọ́tò? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọn ò béèrè fọ́tò."

"Wọn ò béèrè rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i pé mi ò bá ìjà kúrò lọ́dọ̀ wọn."

Edita to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú rẹ̀, èyí tó na ọrùn, tó gún régé, tó yẹ ìjọba. Mánáng Tíbà fọwọ́ gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nawọ́ sí àpótí tí Edita ń ju ìdọ̀tí bébà sí, ó ní kó bá òun wá èyí tó bàjẹ́.